Khamrah àbí Khamrah Qahwa: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ wo ìgò lọ́fínńdà méjèèjì lórí káńtà: ìrísí kan náà ni wọ́n ní, gíláàsì tó nípọn, tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ife ọtí àwọn ọlọ́lá. Ilé iṣẹ́ kan náà, Lattafa ti Dubai, ló ṣe wọ́n. Khamrah jáde ní 2022, Khamrah Qahwa tẹ̀lé e ní 2023. Milílítà 100 ló wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, eau de parfum, ìyẹn lọ́fínńdà tó lágbára, ni méjèèjì, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń lò wọ́n. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà ní Ìjìgbò tàbí nítòsí Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ mú èyí tó bá wù yín." Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ló máa pinnu bóyá ẹ ó lo ìgò yín tán tàbí ẹ ó fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ kí oṣù kan tó pé.

Kí a tó rin ọ̀rọ̀ náà jìnnà: bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ fẹ́ máa lò ó, tí ọ́fíìsì yín kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì jẹ́ ọ̀kadà ni ẹ ń gùn lọ, ẹ mú Qahwa. Bó bá jẹ́ alẹ́, òde ìnáwó, ìsìn àìsùn tàbí ìgbà ọyẹ́ ni, Khamrah ni. Ẹni tó bá ti ní ọ̀kan kò nílò èkejì, àfi tí owó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí imú ń gbọ́

Khamrah kì í yọ́ wọlé. Sínámọ́ǹ ló ń ṣáájú, ìyẹn èèpo igi pupa rúsúrúsú tí àwọn alásè ń lọ̀ sí kéèkì. Nọ́tìmẹ́ẹ̀gì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bergamot náà wà níbẹ̀, irú ọsàn kan tí wọ́n ń fún epo láti ara èèpo rẹ̀. Bergamot yìí kì í jókòó. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti lọ, dàbínù sì ti gba àga rẹ̀. Dàbínù ni èso tó wà nínú lọ́fínńdà yìí, àmọ́ kì í ṣe dàbínù gbígbẹ tí a ń fi ṣínu nígbà ààwẹ̀ nìkan. Ó dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí tó ti pẹ́ nínú àgbá igi. Praline wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ṣúgà tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀pà òyìnbó títí tó fi pọ́n. Ẹni tí kò bá mọ praline, kó rántí bàbá dúdú nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀rá rẹ̀, kó yọ àgbọn kúrò níbẹ̀.

Òórùn kan wà tí àwọn tó dàgbà sí abúlé kòkó l'Ékìtì mọ̀ tó súnmọ́ ọn: kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, ní nǹkan bí ọjọ́ kejì, nígbà tí omi dídùn ara rẹ̀ ti ń di ọtí ṣùgbọ́n tí kò tíì kan. Adùn, ooru àti ọtí pa pọ̀. Bí òórùn yẹn bá máa ń kọ lu yín lágbárí, Khamrah náà á kọ lu yín lágbárí ní wákàtí àkọ́kọ́. Orúkọ rẹ̀ kò kúkú fi nǹkan pa mọ́: inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá "khamr" ló ti wá, ọtí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ ilé kéwú kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Tí wákàtí méjì bá ti kọjá, adùn náà á rọlẹ̀. Fànílà, tónkà (hóró kan tó ń rùn bíi fànílà), benzoin (oje igi olóòórùn dídùn) àti òjíá á wá yọ, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ wọn. Igi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró dè. Ọ̀kan nínú èròjà tó ń mú un wá ni Akigalawood, tí ilé iṣẹ́ Givaudan ń ṣe láti inú epo patchouli, ewé olóòórùn kan. Ó ní òórùn igi gbígbẹ tó ta díẹ̀ bí iyèré. Òun ni kò jẹ́ kí Khamrah parí sí oúnjẹ dídùn lásán.

Qahwa bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan náà, sínámọ́ǹ, àmọ́ kò sí nọ́tìmẹ́ẹ̀gì, kò sí bergamot. Atalẹ̀ àti kádámọ́ọ̀mù, hóró atasánsán kan, ló wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kọfí àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n ń pè ní qahwa, kádámọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń sè é. Ẹ̀yin tó mọ atalẹ̀ dáadáa á gbọ́ ọ kíá: ó mú, ó tutù ní àkọ́kọ́, ó ń gé adùn náà sí wẹ́wẹ́. Èso inú rẹ̀ kì í ṣe dàbínù. Èso tí wọ́n sè nínú ṣúgà ni, kò sì ní òórùn ọtí tó pọ̀ bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Praline ṣì wà, òdòdó funfun wà, lẹ́yìn náà ni kọfí, fànílà, tónkà, benzoin àti mọ́sìkì, òórùn rírọ̀ bí ti ara mímọ́.

Ibi tí inú àwọn tó ra Qahwa ti máa ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n retí kọfí dúdú kíkorò. Kò sí níbẹ̀. Kọfí tí wọ́n da mílíìkì àti ṣúgà sí ni, ẹ̀yìn ìdajì wákàtí ló sì máa ń hàn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ òórùn kọfí tó ṣe gédégédé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kó má náwó sí èyí.

Nípa igi, Khamrah ló borí, kò ní àríyànjiyàn. Ní wákàtí karùn-ún, ohun tó kù lára ẹni tó lo Khamrah ni igi gbígbẹ tó ní fànílà lára. Lára ẹni tó lo Qahwa, mọ́sìkì rírọ̀ àti ìyókù kọfí ló máa wà. Nítorí náà bí ẹ bá ń wá lọ́fínńdà èso, èròjà atasánsán àti igi, tí ẹ sì fẹ́ kí igi náà hàn, Khamrah ni ẹ ń wá, kódà bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dùn jù fún yín.

Àwọn kan á sọ fún yín pé Khamrah fara jọ Angels' Share, èyí tí ilé lọ́fínńdà Kilian gbé jáde ní 2020. Òótọ́ ni, wọ́n jọra: sínámọ́ǹ, ọtí, praline, tónkà. Ti Kilian ní òórùn ọtí cognac àti igi oak tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì jìnnà réré sí ti Lattafa. Ẹ má fi ìyẹn yàn nínú àwọn méjì yìí.

Ooru Àdó, òtútù Ẹ̀fọ̀n

Lọ́fínńdà ń gbéra kúrò lára bí ara bá ṣe gbóná tó. Ohun tó fúyẹ́ bíi bergamot àti atalẹ̀ ń tètè lọ. Ohun tó wúwo bíi fànílà, benzoin àti igi ń dúró. Bí oòrùn bá mú, gbogbo rẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, adùn á sì di ẹrù. Ìdí nìyẹn tí Khamrah tó dùn lálẹ́ àná fi lè di ohun tí aládùúgbò yín á ṣí wíńdò sí lọ́sàn-án oṣù Kẹta, nígbà tí páànù òrùlé ń gbóná tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà yẹn, Qahwa sàn, atalẹ̀ àti kádámọ́ọ̀mù ń bá a gbé díẹ̀ nínú adùn náà. Ẹ kíyè sí i: ó sàn ni a wí, a kò ní ó fúyẹ́. Lọ́fínńdà aládùn ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó tutù bí omi tútù Ìkọ̀gòsì, kó kúrò nídìí àwọn méjì yìí pátápátá.

Ní àkókò òjò, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, méjèèjì ṣeé lò láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ ni ìgbà tí wọ́n dára jù, pàápàá ní ìlú orí òkè bí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òwúrọ̀ rẹ̀ máa ń tutù. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Ara gbígbẹ kì í di lọ́fínńdà mú. Ẹ ó fín in ní aago méje, kò ní sí mọ́ ní aago mọ́kànlá. Òrí ni oògùn rẹ̀, tàbí fasilíìnì: ẹ fi èyí tó kéré bí èèkánná ọmọdé pa ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó fín lọ́fínńdà sí i. Òrí tó ní òórùn tirẹ̀ gan-an á bá dàbínù jà, nítorí náà ẹ lo èyí tí wọ́n ti yọ òórùn rẹ̀.

Ìwọ̀n

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, wọ́n á wá dá lọ́fínńdà lẹ́bi. Fún Khamrah: ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí ìta gbangba ni òde náà wà. Fún Qahwa: ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lálẹ́. Ẹni tó bá máa wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Àdó lọ sí Ìkọ̀lé, kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú iye yìí. Nínú mọ́tò tí wọ́n ti wíńdò rẹ̀ pa, Khamrah ẹlẹ́ẹ̀mẹrin lè mú èébì gbé ẹni tó jókòó tì yín.

Ibi tí ẹ ó fín in sí: àyà lábẹ́ aṣọ fún ọ̀sán, nítorí aṣọ á máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọrùn fún alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ jìnnà tó ìbú ọwọ́ méjì kí ìkùukùu rẹ̀ lè tàn, kó má dà sí ojú kan. Ẹ má fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn. Kì í ṣe pé ó ń fọ́ lọ́fínńdà bí wọ́n ṣe máa ń wí, ooru ìfira náà ló ń tètè lé ohun tó fúyẹ́ lọ, ẹ ó sì pàdánù atalẹ̀ Qahwa tó jẹ́ ohun tó dára jù nínú rẹ̀. Ẹ má fín in sí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun rẹ̀, sínámọ́ǹ àti ọtí líle inú rẹ̀ á ta yín.

Nípa aṣọ: omi inú méjèèjì ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Léèsì funfun, gínnì funfun, jálàbíà funfun, ẹ má fín in sí wọn lójú. Ẹ fín in sí ara kí ẹ tó wọ aṣọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú kan. Lórí òfì tó dúdú, kò ní hàn, òórùn rẹ̀ á sì dúró di ọjọ́ kejì. Èyí dára bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó burú bó bá jẹ́ pé ẹ yá aṣọ náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́: "Kò pẹ́ lára mi, wákàtí kan péré ni." Ní ìgbà púpọ̀, lọ́fínńdà ṣì wà lára, imú onítọ̀hún ló ti mọ́ ọn lára tí kò gbọ́ ọ mọ́. Kí ẹ tó tún fín òmíràn, ẹ bi ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ ti lo lọ́fínńdà mìíràn. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fín Khamrah sí ọwọ́ ọ̀tún, Qahwa sí ọwọ́ òsì," ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ọtí líle ló ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ lọ ra ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ́jà, ẹ jẹ iyán yín, ẹ tún gbọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn náà ní wákàtí kẹrin. Èyí tí ẹ bá fẹ́ràn ní wákàtí kẹrin ni kí ẹ rà, nítorí pẹ̀lú rẹ̀ ni ẹ ó lo ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń ta lọ́fínńdà, kì í ṣe òun ni ẹ ń wọ̀ kiri.

Àwọn ọlọ́jà kan ń gbé ife hóró kọfí sílẹ̀ pé kí ẹ gbọ́ ọ láti fi fọ imú. Wọ́n dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: kọfí kò ṣe ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Fún ẹni tó ń dán Qahwa wò, ó tilẹ̀ burú, nítorí kọfí ife á borí kọfí inú ìgò. Ẹ jáde síta, ẹ mí afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ gbọ́ òórùn apá aṣọ yín.

Bí ara yín bá máa ń tètè yún, ẹ fín ín lẹ́ẹ̀kan sí inú ìgbọ̀nwọ́, ibi tí apá ti ń ká, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Sínámọ́ǹ wà lára èròjà tó máa ń yún àwọn kan, ó sì wà nínú méjèèjì.

Ẹni tí kò bá lè dúró di wákàtí kẹrin, kó ra èyí tí wọ́n bù sí ìgò kékeré. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ìfínjáde kan ń gbà tó ìdá mẹ́wàá milílítà kan, nítorí náà milílítà 5 á tó bí ìgbà 50. Ìgò ńlá á tó bí ìgbà 1000. Ẹni tó ń fín in lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á lò ó ju ọdún kan lọ. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ṣi yàn, ẹ ó máa wo àṣìṣe náà fún ìgbà pípẹ́. Níṣojú yín ni kí wọ́n ti bù ú, láti inú ìgò tí ẹ rí orúkọ rẹ̀. Ọlọ́jà kan lè bu Khamrah kó sì kọ Qahwa sí i, kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀.

Ayédèrú

Èyí tó bá gbajúmọ̀ ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbajúmọ̀. Ẹ yí ìgò padà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi wé ti ìdí páálí. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ wo òrùka irin tó wà ní ọ̀fun ìgò: bí ara rẹ̀ bá họ, tó bá wọ́, tàbí tó ní ojú ẹ̀mú lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgò àlòkù tí wọ́n tún rọ nǹkan sí. Ìkùukùu tó ń jáde gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kó sì tàn. Èyí tó ń tu itọ́ kì í ṣe àmì rere. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ayédèrú Khamrah kì í yí padà. Adùn kan ṣoṣo ló máa ń ní láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí dàbínù, kò sí igi, kó tó pé wákàtí méjì ó ti parẹ́. Ti Qahwa rọrùn jù láti mú: bí ẹ kò bá gbọ́ atalẹ̀ tàbí kádámọ́ọ̀mù kankan ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ dá a padà.

Kì í ṣe gbogbo ìgò tó rọ̀ ni ayédèrú o. Ìgò tuntun lè dà bíi pé kò lágbára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Lattafa sì máa ń fín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin dànù, kí wọ́n wá gbé e sínú páálí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kò gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó bá ọlọ́jà jà.

Fún ta ni?

Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwòròkò tàbí Ọ̀yẹ́ tó ń jókòó pẹ̀lú igba ènìyàn nínú gbọ̀ngán: Qahwa, ẹ̀ẹ̀mejì, lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó fẹ́ fún ọkọ tàbí ìyàwó lẹ́bùn láì mọ ohun tó fẹ́ràn: Qahwa náà, nítorí òun ló ṣòro láti kórìíra. Ẹni tó ń lọ sí ìnáwó, tí ìlù á dún di òru, tí òun sì fẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tó fín sára: Khamrah. Ẹni tó ti ń lo túráárì fún ìgbà pípẹ́, tí imú rẹ̀ ti mọ oúdù àti sáńdà, àwọn igi olóòórùn: Khamrah ló máa gbà láyè, ó sì lè fi ẹ̀kán kan túráárì igi sí abẹ́ rẹ̀, kí igi náà lè tètè yọ. Kó má ṣe irú èyí pẹ̀lú Qahwa, oúdù máa ń sọ kọfí rẹ̀ di nǹkan jíjó.

Àwọn tí òórùn dídùn ń fa orí fífọ́ fún, tàbí tí ẹnìkan nínú ilé wọn ní ikọ́ fée, kí wọ́n má ra ìkankan.

Èyí tí ẹ bá gbé lọ sílé, ẹ fi sínú páálí rẹ̀, sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí wíńdò. Ojú pátákó iwájú mọ́tò ni ibi tó burú jù, ilé ìwẹ̀ tẹ̀lé e. Bí omi rẹ̀ bá ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, fànílà ló ń fa ìyẹn, kò tíì bàjẹ́. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá wá ń kan bí ọtí kíkan, tí dàbínù tàbí atalẹ̀ kò yọ mọ́ rárá, oòrùn ti jẹ ẹ́, ẹ máa fín in sí kọ́tìnì.